Ọwọ́ Bàbá Rẹ Lára Ìkòkò Ọtí

Titirou, Parakú
Oṣù Kejìlá, 1979

Fọláránmi ọmọ mi,

O kú ọyẹ́, o kú iṣẹ́ ìwé, o kú àárò wa. Ọlọ́run tó mú ọ wọ ọkọ̀ ojú-irin lọ sí Kùtọ̀nù ni yóò mú ọ wọ̀ ọ́ padà bọ̀. Àlàáfíà la wà, àfi ètè mi tí ọyẹ́ là.

Mo rí igo tẹ́ẹ́rẹ́ tí o fi ránṣẹ́ gbà, èyí tó ní omi pupa nínú, tí o ní ó wà fún ooru ìkòkò ọtí. O ṣeun. O mọ̀ pé Sátidé tó kọjá ló pé ọdún kan tí bàbá rẹ ti papò dà, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ ojú-irin sì ń bọ̀ wá mu ọtí ọkà bàbà mi. Ogún ọdún ni mo ti ń pọn ọtí, ṣùgbọ́n n kò mọ ìgbà tí à ń da ìwúkàrà sí i. Bàbá rẹ ló máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan ikùn ìkòkò, á ní ó tó, kí n dà á sí i.

Ìkòkò àkọ́kọ́, mo dà á sí i nígbà tó ṣì ń yọ èéfín. Kò hó rárá. Ni lẹ́tà rẹ bá dé pẹ̀lú igo náà, o ní ohun ẹlẹ́mìí ni ìwúkàrà, pé ooru àpọ̀jù ń pa wọ́n, òtútù sì ń mú wọn sùn. Mo sunkún díẹ̀, n kò mọ̀ pé mo ń se ẹlẹ́mìí láàyè. Kamaradì Ajíbóyè, dẹlẹgé tó ń ṣojú ìjọba ní àdúgbò wa, bi mí bóyá àwọn ẹlẹ́mìí náà tó igba, kó lè kọ wọ́n mọ́ àwọn ará àdúgbò. Mo ní wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìkòkò kejì, mo jẹ́ kó tutù dáadáa nítorí ẹ̀mí wọn kí n tó dà wọ́n sí i, mo wá ki igo rẹ bọ̀ ọ́ kó máa mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọjọ́ kan, ọjọ́ kejì, igo kò ṣe nǹkan kan, omi pupa inú rẹ̀ pàápàá sá lọ sísàlẹ̀, òtútù ń mú òun náà. Mo kan ìkòkò kọ̀ kọ̀ kọ̀, mo pè wọ́n jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kí wọ́n jí. Wọn kò dá mi lóhùn. Sátidé sì ku ọjọ́ méjì.

Ni mo bá gbé kóòtù iṣẹ́ bàbá rẹ, èyí tó fi ń dúró de ọkọ̀ òwúrọ̀ nígbà ọyẹ́, tí n kò tíì fọ̀ láti ìgbà tó ti lọ. Mo fi wé ìkòkò, mo de bọ́tìnnì rẹ̀, mo sún un mọ́ ààrò. Nígbà tó yá, mo gbé ọwọ́ lé e bó ṣe máa ń ṣe. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ikùn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Kílẹ̀ tó mọ́, ìfófòó ti dé ọrùn kóòtù.

Nígbà tí Sátidé dé, àwọn ọ̀rẹ́ bàbá rẹ mu ún tán. Ọlágbénró, ọ̀kan nínú wọn, ní ọwọ́ bàbá rẹ wà nínú ẹ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Jọ̀ọ́, fi owó igi ìdáná ránṣẹ́. Igo rẹ wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi, mo fi òwú wé e, omi pupa rẹ̀ ti ń gòkè, ara rẹ̀ ti ń yá. Àmọ́ ọtí ni kóòtù náà ń rùn báyìí, n kò gbọ́ òórùn bàbá rẹ lára rẹ̀ mọ́. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ ló jọ tirẹ̀. Wá sílé fún ọdún Nọ́ẹ̀lì, kí n rí ọwọ́ gbé lé ìkòkò. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọwọ́ náà tutù.

Èmi ni ìyá rẹ.