Irin Tí Kì Í Jẹ́ Kí Àwòrán Mì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó wà níbi tí ẹ wà, mo kàn kí yín bí mo ṣe máa ń kí yín nígbà tí ẹ bá ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé. Ara Màmá le, wọ́n ṣì ń lọ sí ìsìn Aládùúrà wa láìwọ bàtà. Wẹ́dà mìíràn ti gba ṣọ́ọ̀bù yín ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, àmọ́ kì í kọrin tó bá ń jó irin. Mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá. N kì í yà.

Nǹkan kan ń dùn mí, Bàbá. Mo gbé e mì títí, kò lọ.

Ẹ rántí kámẹ́rà fídíò kékeré tí àbúrò Màmá fi ránṣẹ́ sí mi láti Jámánì. Mo fi ya ìkórè ìjọ wa, inú mi ń dùn, àfìgbà tí a jókòó láti wò ó. Àwòrán ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ìyá Àdúrà ní òòyì ń kọ́ àwọn, wọ́n dìde lọ. Ojú tì mí dé ilé.

Ìgbà tó yá ni mo rí àwọn ọmọbìnrin tó ń pọnmi bọ̀. Ìdí wọn ń mì, ẹsẹ̀ wọn ń kọ, omi orí wọn ò dà. Mo rò ó, mo tún un rò. Bí mo bá gbé kámẹ́rà lé orí ọ̀pá, tí mo so irin wúwo mọ́ ìsàlẹ̀ ọ̀pá náà, tí ibi tí mo ti dì í mú sì lè yí fúnra rẹ̀, ara tèmi ni yóò máa mì, kámẹ́rà á dúró jẹ́ẹ́. Mo fi èédú yà á sára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ẹ wò ó pẹ́, ẹ fi etí fìlà nu ojú bí ẹ ti máa ń ṣe.

"Ìwọ ọmọ yìí, níbo lo ti rí èyí?"

"Orí mi ni, Bàbá."

Ẹ gé páìpù kẹ̀kẹ́ tó ti bàjẹ́. Mo tú bérìn àárín táyà rẹ̀, ẹ jó wọn pọ̀. Nígbà tí a kọ́kọ́ dán an wò, ó ń fì bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì, irin ìsàlẹ̀ wúwo jù. Mo ní kí ẹ gé e kù. Ẹ gé e, mo gbé e wò, ẹ tún gé e. Níkẹyìn mo rìn láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù dé ìdí kànga, mo sáré padà. Nígbà tí a wò ó, àwòrán ń lọ jẹ́jẹ́ bí ọkọ̀ ojú omi. Ẹ pàtẹ́wọ́. Bàbá, ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi!

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi han ẹnikẹ́ni," ni mo wí. "Ẹ jẹ́ kí n fi í gba orúkọ ná."

"Ṣé o rí mi bí olófòófó ni?"

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ẹ sùn, tí ẹ ò jí.

Lọ́jọ́ ìsìnkú yín, ọwọ́ mi ò lè gbé kámẹ́rà. Bùrọ̀dá Délé, tí ìyàwó yín àkọ́kọ́ bí fún yín ní Ògbómọ̀ṣọ́, ló gbé tirẹ̀ wá. Mo gbójú sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí yín, mo rí irin mi lọ́wọ́ rẹ̀. Tèmi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi nílé; ìkejì rẹ̀ nìyí. Mo mọ iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ẹ ti fi fáìlì họ ẹnu páìpù náà bí ẹ ti ṣe sí tèmi, kó má baà ya ènìyàn lọ́wọ́.

Nígbà tí èrò tú, mo pè é sẹ́yìn ilé.

"Bùrọ̀dá, ta ló ṣe eléyìí fún yín?"

"Bàbá ni. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ronú kàn án. Wọ́n ní lára àwọn ọmọbìnrin tó ń pọnmi ni àwọn ti rí i kọ́."

Àní àwọn apọnmi mi náà, Bàbá.

"Èmi ni mo rí wọn," ni mo wí. "Èmi ni mo sọ fún Bàbá."

Ó fi àánú wò mí. "Àbúrò mi, ọ̀fọ̀ ló ń dà ọ́ láàmú."

Mo yíjú sí Màmá tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Àwọn náà rí àwòrán tí mo fi èédú yà sára ògiri. Wọ́n wò mí, wọ́n wolẹ̀.

"Fi sílẹ̀, ọmọ mi. Ẹni tó ti lọ ò lè wá rojọ́."

Kí ló dé, Bàbá? Ẹ̀gbọ́n mi ni. Bí ẹ bá bi mí, ṣé n kò ní ní kí ẹ ṣe òmíràn fún un ni? Ṣé torí pé ọkùnrin ni? Àbí torí pé kò gbé lọ́dọ̀ yín, tí ẹ wá ń wá nǹkan tí ẹ máa fi tù ú nínú, tí ẹ ò rí òmíràn àfi tèmi? Irin tí ẹ fún un kọ́ ló dùn mí. Orúkọ mi tí ẹ yọ kúrò ńbẹ̀ ni. Ṣé ó wá nira tó bẹ́ẹ̀, kí ẹ sọ pé àbúrò rẹ̀ obìnrin ló rò ó?

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Bùrọ̀dá Délé wá sí Ọ̀yọ́. Ó ti ra kámẹ́rà tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, irin náà wá ń dojú dé mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn ìjọ tó ń ya fídíò fún ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti dá fídíò rẹ̀ padà. Ó gbé e ka iwájú mi, kò lè wo ojú mi.

"Àbúrò mi, kí ni mo máa ṣe sí i?"

Bí mo ṣe wò ó ni mo ti mọ̀. Orí ti wúwo ju ìsàlẹ̀ lọ. N kò fọwọ́ kàn án.

"Ta ló ronú kàn án, Bùrọ̀dá?"

Màmá ń ṣa ìrẹsì lọ.

"Ìwọ ni," ló wí.

Mo wá irin tó wúwo díẹ̀, mo so ó mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó gbé e rìn yíká àgbàlá, kò mì mọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, Màmá bú sẹ́kún, mo wọ yàrá lọ. Mo rò pé ara á tù mí, Bàbá, kò tù mí. Kì í ṣe ẹnu rẹ̀ ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ.

Èmi ni, tí mo ń bínú sí yín, tí àárò yín ò sì jẹ́ kí n gbádùn,
Ọmọ yín obìnrin.