Ẹnì Kan Ò Tíì Wọ Mọ́tò

Ojúlé Kẹrìnlá, Ìkòsì,
Kétu, Èkó.
Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Elkanah ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá yín nínú ìlera, kí oòrùn Àbújá má sì pa yín lára jù. Àwa náà wà láàyè, a dúpẹ́. Má bínú pé ìwé ni mo kọ, mo máa fi rán Ìdùnnú, ọmọ ìjọ wa tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́la. Bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, Daddy á gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n á sì máa bi ọ́ bóyá o ti rọ epo sí mọ́tò.

Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi. Bó ṣe rí ni mo sọ ọ́ yẹn. Ó di ọdún mẹ́ta tí ìgbàgbé ti ń dà Daddy láàmú, n kò sì tíì sun oorun àsùnwọra láti ìgbà náà. Wọ́n ń fi bàtà sínú fíríìjì. Wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, wọ́n á fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́, wọ́n á tún bá mi wá a kiri. Lóṣù tó kọjá, àwọn ọlọ́kọ̀ Mile 12 ló bá mi mú wọn wálé. Wọ́n ní baba dúró láàárín títì, wọ́n ń darí ọkọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà nígbà tí o ní kí á mú wọn lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn àgbà ní Ṣágámù ní Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Mo ti ká aṣọ wọn sínú báàgì, mo sì kọ orúkọ wọn sí ọrùn búbá kọ̀ọ̀kan.

O ní kí n kọ́kọ́ mú wọn yí ká àwọn ibi tí wọ́n ti fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n wa bọ́ọ̀sì, tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ wòran. A ti lọ. Yúnúsà tó ń gbé lọ́nà Àgbóyi ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa, ọmọlúàbí ni. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la lọ sí ọgbà igbó tó wà ní Lẹkki. Láti ogójì ọdún tí mo ti ń gbé Èkó, n kò débẹ̀ rí. Daddy ló ń rìnrìn àjò, èmi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Mende. Ọ̀bọ kan já ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi, mo figbe ta. Daddy rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní, “Madam, ẹ má wò ó lójú.” Ogójì ọdún nílé ọkọ, mo di Madam.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, wọn ò jẹ́ kí Yúnúsà gbéra. “Dúró ná! A ò tíì ka èèyàn.” O mọ̀ wọ́n, wọn kì í kúrò lójú kan láìka orí àwọn ọmọ, ọmọ kankan ò sì sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́ rí. Wọ́n nawọ́ sí Yúnúsà, ọ̀kan; wọ́n nawọ́ sí èmi, èjì; wọ́n fọwọ́ kan àyà ara wọn, ẹ̀ta. Wọ́n mi orí. “Ó ku ẹnì kan.” A bẹ̀bẹ̀ títí ó fi sú wa. Ìgbà tí Yúnúsà parọ́ pé ẹni náà ti wọ bọ́ọ̀sì ẹ̀yìn ni wọ́n tó gbà.

Lọ́jọ́bọ̀, a dé Ẹ̀pẹ́. Sẹ̀kínát tó ń ta oúnjẹ létí ọ̀sà rí wọn, ó pariwo, “Ọ̀gá Dírẹ́bà! Ẹ ṣì wà láyé?” Ó gbé ìkọ́kọrẹ́ àti ẹja ńlá wá fún wa. Ó sọ fún mi pé láyé ìgbà yẹn, Daddy kì í jẹ orí ẹja, wọ́n á ní kí òun dì í sí ọ̀rá fáwọn, ẹnì kan fẹ́ràn rẹ̀ nílé. Elkanah, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé ẹja yẹn dé, ńṣe ni mo máa ń kùn pé ó ti tutù. Mo nawọ́ sí orí ẹja tó wà nínú àwo wọn, wọ́n gbá mi lọ́wọ́. “Madam, ẹ fi sílẹ̀, ó lẹ́ni tó ni ín.” Lẹ́yìn oúnjẹ, a dé ìdí mọ́tò, ó tún ku ẹnì kan.

Àná la lọ sí Àgbádárìgì. Ẹni tó ń mú àlejò kiri ń sọ fáwọn ọmọ ilé-ìwé kan nípa kànga tí wọ́n ní àwọn ẹrú máa ń mu omi rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Mo di Daddy lọ́wọ́ mú ṣinṣin, àfi bí ẹni pé wọ́n fẹ́ lọ mu níbẹ̀. Kí n tó ṣẹ́jú, wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọkùnrin náà, wọ́n sọ ìtàn ọ̀hún délẹ̀ láìfo ibì kankan. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ fún wọn. Inú bí mi, n kò ní purọ́ fún ọ. Wọ́n rántí àwọn tó ti lọ láti ọjọ́ pípẹ́, wọn ò rántí orúkọ tèmi.

A wọ mọ́tò, wọ́n kà wá. “Ó ku ẹnì kan.” Mo jágbe mọ́ wọn: “Ta ló kù, Daddy? Ta ni, kí á lè máa lọ!” Wọ́n fi sùúrù wò mí bí ìgbà tí èèyàn ń wo ọmọ kékeré.

“Ìyàwó mi ni, Madam. Ó ti rẹ̀ ẹ́, kì í yára rìn. Mi ò lè fi í sílẹ̀.”

Yúnúsà yíjú sí fèrèsé. Mo ṣílẹ̀kùn, mo sọ̀ kalẹ̀. Mo lọ dúró lẹ́yìn mọ́tò, mo fi ìborùn nu ojú mi, mo sì gba ilẹ̀kùn kejì wọlé. Mo ní, “Ẹ má bínú, Daddy Elkanah, mo pẹ́.” Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, “Ṣé ẹsẹ̀ ń dùn ọ́ ni?” Wọ́n wá kà wá lẹ́ẹ̀kan sí i. “Ó pé. Dírẹ́bà, máa lọ.” Kí á tó dé Mile 2, mo ti tún di Madam.

Mo ti tú báàgì náà, Elkanah. A ò lọ sí Ṣágámù mọ́. Má rò pé àárẹ̀ mi ti lọ o, ó ṣì wà lára mi bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè gbéra láìsí mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ gbéra kí n fi í sílẹ̀? Àmọ́ n kò lè dá a ṣe mọ́. Òkété tó bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu. Kì í ṣe owó ni mo ń bèèrè, ìwọ gan-an ni. Gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, wá bá wọn gbé fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí n lọ sùn lọ́dọ̀ àǹtí rẹ ní Ìjẹ̀bú. Wọ́n lè má mọ̀ ọ́. Má jẹ́ kó dùn ọ́, ṣáà jókòó kí wọ́n kà ọ́.

Kí Olúwa máa ṣọ́ ìwọ àti agbo ilé rẹ. Ọ̀kan nínú yín kò ní dín, ẹsẹ̀ yín kò ní ṣì lọ́nà, àwọn ọmọ rẹ náà kò ní gbàgbé rẹ lọ́jọ́ alẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń retí rẹ,
Mummy.

Mo tún rántí o: bí mo ṣe fẹ́ fọ ṣòkòtò wọn láàárọ̀ yìí, mo bá orí ẹja Ẹ̀pẹ́ nínú àpò rẹ̀, wọ́n fi ọ̀rá dì í dáadáa. Ó ti bàjẹ́, ó ń rùn. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò kùn.