Oògùn Tó Ń Sọ Ọmọlójú Di Kékeré

Bàbá mi àtàtà,

Mo ti ṣe é. Mo jẹ́ kí wọ́n fi irin kan ojú mi ọ̀tún ní Johannesburg níbí, mi ò sì tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nílé. Bọ̀dá Délé, àkọ́bí yín, pè láti Iléṣà pé kí n má dán an wò kí n má baà fọ́jú pátápátá, pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ bí wa ò gbà kí wọ́n ṣe ojú tiyín tí kò ríran mọ́, ta ni mo wá ń jẹ́? Mo pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ọ̀rọ̀ yín nìyẹn nígbàkígbà tá a bá dárúkọ iṣẹ́ abẹ. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ojú tí nǹkan funfun ti bò, orí wo ló fẹ́ ṣọ́? Aṣọ ni mò ń tún ṣe jẹun ní Marshalltown. Ó dé ibi tí mo ń fi òwú dúdú rán kóòtù búlúù. Mi ò rí àwọ̀ iná tó ń darí ọkọ̀ lójú títì mọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní róbọ́ọ̀tì níbí. Tákísí kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi, awakọ̀ náà sì fi Zulu bú mi láti orí dé ẹsẹ̀.

Nomsa ọmọ mi ló bá mi lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ibí ni mo bí i sí, Yorùbá inú ìwé ló pọ̀ lẹ́nu ẹ̀. Dókítà sọ Gẹ̀ẹ́sì wàràwàrà, ó bá ń túmọ̀ fún mi: “Mọ́mì, tí wọ́n bá fi gíláàsì tuntun sínú ojú yín tán, wọ́n máa fi oògùn kan sí i, akẹ́kọ̀ọ́ yín á wá kéré.”

Akẹ́kọ̀ọ́ wo? Mi ò gba ọmọ iṣẹ́ kankan. Àfìgbà tí dókítà nàka sí ibi dúdú àárín ojú ara rẹ̀ ló tó yé mi pé orúkọ kan náà, “pupil”, ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe méjèèjì. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo wá kọ́ Nomsa pé ọmọlójú là ń pè é. Ohun tẹ́ ẹ máa ń pè mí nìyẹn, Bàbá, kí n tó fẹ́ bàbá Nomsa. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi gba orúkọ náà padà? Ó dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, wọ́n ti kọ́kọ́ fi oògùn mìíràn la ọmọlójú náà gbàgà kí wọ́n lè ráyè ṣiṣẹ́. Èyí tí wọ́n fi sí i gbẹ̀yìn ló ń sún un kì, kí gíláàsì má baà yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀. Mi ò sùn, mo gbọ́ nígbà tí dókítà béèrè fún un, ẹ̀rù sì bà mí. Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, gbogbo nǹkan ṣú, òkè ojú ń fọ́ mi. Mo ní ọ̀rọ̀ Bọ̀dá Délé ti ṣẹ. Nọ́ọ̀sì ní oògùn yẹn ló fà á, pé yóò lọ. Ó sì lọ.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á ṣe ojú òsì. Kí Bọ̀dá Délé máa pè. Nígbà tẹ́ ẹ wá kí wa, ìka lẹ fi wo Nomsa. Ẹ wá imú rẹ̀, ẹ wá etí rẹ̀, ẹ ní màmá yín ló jọ. Irọ́ ni, Bàbá. Mo ti wò ó dáadáa báyìí: ẹ̀yin pọ́nbélé ni. Ẹ jókòó síwájú ara yín, ẹ ò rí i.

Mi ò ní fi ìka mọ ọmọ ọmọ tèmi.

Èmi ni,
ọmọ yín olórí kunkun, tó fẹ́ràn yín.