Ẹranko Tó Kú Lórí Ẹyin Rẹ̀

Àbúrò mi Adéyọrí,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Ẹ kú òtútù ibẹ̀ yẹn o. Ara Màmá le, orúnkún nìkan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Òjò ti dé sí Ifẹ̀wàrà, kòkó sì ń ṣe dáadáa.

Adìẹ rẹ tí Màmá ń bá ọ sìn, tí wọ́n so àkísà pupa mọ́ lẹ́sẹ̀, tún ti sàba. Láti ọjọ́ tí o ti fi àwòrán egungun dáínásọ̀, ẹranko ayé àtijọ́ tí wọ́n ní ó bá adìẹ tan, tó kú lórí ẹyin yẹn ránṣẹ́ ni mo ti ń yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Ìpẹ́ ló kún un bíi ti alángbá! Ṣé dáínásọ̀ náà ní ìyẹ́? Ọjọ́ mélòó ló fi ń sàba? Ta ló ń bá a wá oúnjẹ?

Mo sọ fún Màmá pé yanrìn ló bo ẹranko náà mọ́ orí ẹyin rẹ̀, síbẹ̀ kò dìde. Wọ́n wo àwòrán náà títí, wọ́n ní, "Àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́?"

Ọdún kẹsàn-án rèé tí o ti lọ. Wá fẹnu ara rẹ dá wọn lóhùn. Kí Ọlọ́run mú ọ délé kí adìẹ rẹ tó pamọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Dúróoríkẹ́