Àlìkámà Òkú ní Tẹ́sáàsì

Ojúlé Kẹsàn-án,
Òpópónà Etíkun,
Galaxidi, Gíríìsì.
19 Oṣù Kẹwàá, 1988.

Fotini, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún màmá yín ti ń jẹ́ kí wọ́n sùn? Àwa náà ń bẹ. Ẹnu ló ń yún mi tí mo fi kọ̀wé.

O mọ Kleanthis Vardas, òǹkọ̀wé wa tó lókìkí dé Párísì, tí ìwé ńlá rẹ̀ wà nílé gbogbo wa tí ẹnikẹ́ni ò kà tán. Tiwa ló gbé ẹsẹ̀ tábìlì ró. Mo wá rí ìwé ìpànìyàn játijàti kan ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, orúkọ ará Amẹ́ríkà kan ló wà lójú rẹ̀. Mo kà á títí ọbẹ̀ fi jóná. Ní Tẹ́sáàsì, ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, opó kan tó ní àmì dúdú lágbọ̀n ń fi májèlé pa ọkùnrin. Inú kí ló ń fi í sí? Inú àlìkámà olóṣúgà tí àwa ará Gíríìsì ń pín níbi ìrántí òkú! Àwọn ọlọ́pàá ẹlẹ́ṣin ń jẹ ẹ́, wọ́n ń ní, "Kí Ọlọ́run forí ji olóògbé." Ní Tẹ́sáàsì!

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Àǹtí Evanthia, kà á, wọ́n sì fọwọ́ kan àmì dúdú àgbọ̀n tiwọn. "Kleanthis ló kọ eléyìí. Torí mo ní mi ò fẹ́ ẹ, ó wá sọ mí di apààyàn!" Mo ṣe bí ìbínú ni. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: wọ́n fẹ́ kó buwọ́ lù ú, kí ayé lè mọ̀ pé àwọn náà wà nínú ìwé. Kí ọjọ́ tí ìlú fẹ́ yẹ́ Vardas sí tó pé, ìwé ọ̀hún ti yí gbogbo ilé ká.

Lọ́jọ́ náà, ní gbọ̀ngàn ìlú, Àǹtí gbé ìwé náà síwájú rẹ̀. Ó wò ó bí ẹni rí ìgbẹ́.

"Ẹ̀yin ìyá, n ò mọ ìwé yìí rí."

"Ìyá ta ni? Ṣebí ọdún kan náà ni wọ́n bí wa!"

Ojú tì mí, mo fà wọ́n láṣọ. Wọ́n ṣí abọ́ ọwọ́ wọn, àlìkámà rèé, ṣúgà funfun báláú lórí rẹ̀.

"Ó dáa. Ìwọ tí o ò kọ ọ́, jẹ ẹ́."

Vardas bu ṣíbí kan, ó gbé e dé ẹnu, ó wo àgbọ̀n wọn, ó dá a padà.

"Evanthia, mú bírò wá."

Ẹ̀rín pa wá! Ohun tó kọ ni: "Fún Evanthia, tí mo ṣì ń bẹ̀rù." Orúkọ rẹ̀ gan-an ló fi sí i, kì í ṣe ti ará Amẹ́ríkà yẹn. Inú mi dùn fún wọn débi pé omi bọ́ lójú mi. Àǹtí fúnra wọn ló jẹ àlìkámà náà tán lọ́nà ilé.

Bá mi kí gbogbo ilé. Bí o bá ń bọ̀, mú ìwé ńlá Vardas tìrẹ dání, àga wa náà ti ń mì.

Tìrẹ láìyẹsẹ̀,
Anestis