Ẹ Má Gé Àgò Irin Orí Ọkọ̀ Àwọn Ọmọ Ogun, Ilẹ̀kùn Rẹ̀ Ni Kí Ẹ Yí Padà

Ilé-iṣẹ́ Jórinjórin Ajíbówú àti Ọmọ,
Ẹ̀yìn Gáréèjì Tírélà,
Ajégúnlẹ̀, Àpápá,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Ọ̀wàrà, 2025.

Ọ̀gá Àgbà,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Bójú Tó Ọkọ̀ Ojú Ogun,
Àpápá GRA,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN ÀTI Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ ÀṢẸ PÉ KÍ WỌ́N GÉ ÀGÒ IRIN KÚRÒ LÓRÍ ỌKỌ̀ ÀWỌN ỌMỌ OGUN NÍ ÀRÍWÁ ÌLÀ-OÒRÙN

1. Èmi ni Àlàájì Yínúsà Àjàní Ajíbówú, ajórin. Ìwé kẹta ni mo kà kí bàbá mi tó kú, kò sì sí ẹni tó rán mi lọ sí ìwé kẹrin. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè mi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti Tin Can títí dé Bọ́ńdárì. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ó sì ṣòro kí ẹ tó rí tírélà tó ń gbé kọntéínà jáde ní Àpápá tí irin ọwọ́ mi kò kàn lára rí. Ilé alájà méjì tí mò ń gbé, iná ìjórin ló kọ́ ọ. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ mọ ohun tó ń sọ, kì í ṣe pé mò ń fọ́nnu. Bí mo bá tilẹ̀ ń fọ́nnu, mo ní ohun tí mo fi ń fọ́nnu.

2. Nítorí ọmọ mi, Gbénró, ni mo ṣe kọ̀wé. Sójà ni, ní ẹ̀ka àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe. Ó kú sí ojú ogun lọ́hùn-ún nígbà òjò ọdún yìí. Ọ̀gá sójà tó wá bá wa kẹ́dùn sọ fún èmi àti ìyá rẹ̀ pé àgò irin tí Gbénró fúnra rẹ̀ jó sórí ọkọ̀ ló pa á. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni a gbọ́ pé ìgbìmọ̀ yín ti pàṣẹ kí wọ́n gé gbogbo irú àgò bẹ́ẹ̀ dànù. Ẹ̀yin Ọ̀gá, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún yín kọ́ ló rí. Àṣẹ yẹn yóò sì pa ọmọ ọlọ́mọ sí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti ìwé.

3. Kí ẹ tó lè mọ àgò náà, ó yẹ kí ẹ mọ ibi tó ti wá. Láyé ọjọ́un, bí tírélà bá tò sójú títì ní Àpápá, olè á wá yọ bátìrì rẹ̀ nígbà tí awakọ̀ bá lọ jẹun. A jó àgò irin bo bátìrì, èyí tí àwa nídìí iṣẹ́ ń pè ní kéèjì. Àwọn olè gbé agérin wá, wọ́n gé àgádágodo. A fi àgádágodo pamọ́ sínú páìpù tí ẹnu agérin kò lè wọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi jáàkì ya ọ̀pá irin náà. A tún fún ọ̀pá mọ́ra sí i. Kenechukwu, awakọ̀ kan tó jẹ́ oníbàárà mi, máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ni èmi àti àwọn olè Àpápá jọ ń lọ, àwọn ló ń ṣe ìbéèrè, èmi ni mò ń dáhùn. Òótọ́ ló sọ. Kò sí ọdún tí wọn kì í yí ọwọ́ padà, kò sì sí ọdún tí èmi kì í yí irin padà. Ìdí àgò yìí ni Gbénró dàgbà sí. Kí ó tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ara rẹ̀, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń di irin mú.

4. Nígbà tó dé ojú ogun, ó sọ fún mi lórí fóònù pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ogun ṣe rí. Àwọn ọ̀tá máa ń fi alùpùpù ya wọ àgọ́ wọn tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbẹ́ kòtò yí àgọ́ ká, alùpùpù kò rọ́nà mọ́. Ni àwọn ọ̀tá bá gbé dúróónù dé, ọkọ̀ òfúrufú kékeré tí kò ju fáànù orí tábìlì lọ, tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀, tó sì ń ju bọ́ǹbù tí kò tóbi ju agolo mílíìkì. Ẹ̀yìn ọkọ̀ tí àwọn ọmọ wa ń gùn kò ní òrùlé. Ilẹ̀ ni wọ́n ń ṣọ́, ikú ń bọ̀ láti òkè.

5. Ebimobowei ló kọ́kọ́ dá ọgbọ́n sí i. Ọmọ Ìjọ̀ ni, àdúgbò kan náà ni òun àti Gbénró ti dàgbà, wọ́n sì jọ wọṣẹ́ sójà ni. Apẹja ni àwọn òbí rẹ̀ ní Marine Beach. Ó ní kí ìyá òun, Tari, fi àwọn àwọ̀n ògbólógbòó ránṣẹ́. Wọ́n ta àwọ̀n náà sórí ọkọ̀. Ó mú dúróónù kan bí ẹni mú ẹja, gbogbo àgọ́ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n oòrùn ibẹ̀ kì í ṣe oòrùn etí òkun. Àwọ̀n gbẹ, ó já, bọ́ǹbù sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibi tó já kọjá.

6. Ìgbà náà ni Gbénró pè mí. Ó ní, “Bàbá, bí mo bá fẹ́ fi àgò bátìrì bo ènìyàn ńkọ́?” Mo sọ fún un bí ọ̀pá yóò ṣe sún mọ́ra tó. Mo ní kó gbé e ga dáadáa, kí bọ́ǹbù lè bú jìnnà sí orí wọn. Irin ara ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ ló tú lò. Ó ṣiṣẹ́. Bọ́ǹbù bú lórí àgò lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, eruku ni àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ kàn gbọ̀n dànù lára. Ọ̀gá wọn fúnra rẹ̀ ní kó jó òmíràn sórí àwọn ọkọ̀ yòókù, kò sì sí ẹni tó sọ nígbà náà pé kò gba àṣẹ. Ẹ̀yin Ọ̀gá, mo yangàn. Kò sí ẹni tó wá jó irin lọ́dọ̀ mi lásìkò yẹn tí n kò sọ fún pé abẹ́ irin Ajíbówú ni àwọn sójà ilẹ̀ wa ń jókòó sí.

7. Ilẹ̀kùn ni ọ̀rọ̀ wà. Àgò bátìrì kì í ní ju ilẹ̀kùn kan lọ. Ìta ni a ti ń tì í, ìta náà ni a ti ń ṣí i. Bí gbogbo ajórin Àpápá ṣe ń ṣe é nìyẹn, nítorí bátìrì kò ní ọwọ́, kò sì sí ọjọ́ tí bátìrì yóò ní òun fẹ́ jáde. Bí ọwọ́ ọmọ mi ṣe mọ̀ ọ́n náà ló ṣe ti àwọn sójà: ilẹ̀kùn kan ṣoṣo lẹ́yìn ọkọ̀, tí ìdábùú irin dè láti ìta, kí ó má baà máa já ṣí lójú ọ̀nà gbágungbàgun. Bí àwọn tó máa jà bá ti wọlé, Gbénró á dábùú irin náà, òun á lọ jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Kò sí ẹni tó ro ti ilẹ̀kùn, èmi náà kò rò ó. Òkè ni ojú gbogbo wa wà.

8. Àwọn ọ̀tá náà sì ń wo àgò. Wọ́n rí i pé òkè ti dí, wọ́n padà sí ilẹ̀. Wọ́n rì bọ́ǹbù mọ́ ojú ọ̀nà. Ọkọ̀ Gbénró tẹ̀ ẹ́, ó sì ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Awakọ̀ kú lójú ẹsẹ̀. Gbénró jáde láti iwájú, kò fara pa púpọ̀, kòtò kan sì wà nítòsí tó lè sá sí. Àwọn mẹ́ta wà nínú àgò, Ebimobowei sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Epo ti ń dà. Wọ́n ń fi ìdí ìbọn gbá ilẹ̀kùn, kò mì. Gbénró kò lọ sí kòtò. Ó gba ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ, ó ń fi òòlù lu ìdábùú tó ti wọ́, títí ó fi yọ. Bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí báyìí ni dúróónù tó ti ń ṣọ́ wọn láti òkè ju bọ́ǹbù sílẹ̀. Irin gbà á fún àwọn tó wà nínú. Kò sí irin tó gbà á fún ọmọ mi. Ẹnu ilẹ̀kùn tó ṣí fún wọn ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà jáde.

9. Ẹnu Ebimobowei ni mo ti gbọ́ èyí. Nígbà tí wọ́n fún un láyè láti wálé, tòun ti apá tí wọ́n so kọ́ ọrùn, ó dọ̀bálẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù mi, kò dìde nígbà tí mo ní kó dìde. Ó ní, “Bàbá, gbogbo wa la wà lábẹ́ irin. Òun nìkan ló wà níta.” Ẹ̀yin Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Àgò kò pa Gbénró. Òun nìkan ni kò sí nínú àgò.

10. Ebimobowei ti padà sójú ogun báyìí. Ó pè mí pé wọ́n ti gé àgò kúrò lórí méjì nínú àwọn ọkọ̀ wọn, àti pé dúróónù ti tún ń yí lókè àgọ́ bí àṣá tó rí òròmọdìẹ. Ìyá rẹ̀, Tari, kò lè wò mí lójú mọ́. Ó ń tijú pé ọmọ tirẹ̀ yè. Èmi ni mo wá a lọ sí Marine Beach, mo sọ fún un pé kó má tijú, pé bí ọmọ rẹ̀ bá tún kú, òfò méjì ló ṣe mí yẹn, nítorí òun ni ohun tí Gbénró fi ẹ̀mí rà.

11. Mo wá sí ọ́fíìsì yín ní GRA. Wọ́n fún mi ní àga, wọ́n fún mi ní omi. Ọ̀gá kékeré kan dá mi lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ogun kì í ṣe iṣẹ́ jórinjórin. N kò bá a jiyàn. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ rò wò: nígbà tí olè gé àgádágodo wa, àgò kọ́ ni a jù nù. Bí a bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ ni, kò ní sí bátìrì kan lára tírélà kankan ní Àpápá lónìí. Ọ̀tá ti yí ọwọ́ padà. Àwa ló kàn láti yí tiwa, kì í ṣe kí a padà síbi tí a wà kí àwọ̀n Tari tó dé.

12. Mo ti jó àpẹẹrẹ kan síwájú ṣọ́ọ̀bù, bó ṣe tóbi gan-an lẹ́yìn ọkọ̀. Ìyàwó mi, Omoefe, ọmọ Ùròbò, tó bí Gbénró fún mi, dúró ń wò mí bí mo ṣe ń jó o. Láti ìgbà tí wọ́n ti túfọ̀ fún wa, kì í wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́, kò fẹ́ gbọ́ ìró irin. Ọjọ́ náà ló wá. Ó ní, “Bàbá Gbénró, ta lẹ tún fẹ́ fi sínú rẹ̀?” Mo ń jó irin lọ, omi ojú ń bọ́ sínú gọ́gù tí mo fi bojú, n kò rí ibi tí mò ń jó mọ́.

13. Nítorí náà, mo ń bẹ̀ yín:

Ẹ dá gígé àgò dúró kíákíá, kí ẹ sì dá ti àwọn ọkọ̀ tí ẹ ti gé padà.

Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn di méjì, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan lókè, kí ibi yòówù tí ọkọ̀ bá ṣubú sí, ọ̀kan yóò wà tí ilẹ̀ kò dí. Kí ìdábùú méjèèjì wà nínú, kó sì jẹ́ èyí tí ẹni tó fara gbọgbẹ́ lè fi ọwọ́ kan fà.

Ẹ má ṣe kọ ọ́ síbikíbi pé iṣẹ́ ọwọ́ Gbénró ló pa á. Ìyá rẹ̀ kò lè ru ìyẹn mọ́ èyí tó ń rù.

Bí ẹ bá ní kí n wá, màá wá. Àgbà ni mo dà, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò gbọ̀n nídìí iná.

14. Kí n tó kọ ìwé yìí, mo dán ilẹ̀kùn náà wò. Mo ní kí àwọn ajórin ẹlẹgbẹ́ mi yí àgò náà sí ẹ̀gbẹ́, bí ọkọ̀ ọmọ mi ṣe ṣubú. Mo wọ inú rẹ̀, mo ti ara mi mọ́ ọn, mo ní kí gbogbo wọn lọ dúró lókèèrè, kí ẹnì kankan má sún mọ́ mi bó ti wù kó pẹ́ tó. Mo na ọwọ́, mo fa ìdábùú. Ó ṣí. Mo rákò jáde. Kò sí ẹnì kankan lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò sì sí ìdí tí ẹnì kankan fi ní láti wà níbẹ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù kà á dópin.

Èmi ni tiyín,
Àlàájì Yínúsà Àjàní Ajíbówú,
Alága tẹ́lẹ̀ rí, Ẹgbẹ́ Àwọn Ajórin Ìdí Tírélà,
Bàbá Gbénró.