Ẹ Má Tíì Bomi Rin Ín

Màmá mi ọ̀wọ́n, ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà. Mo kí Bàbá Àgbà tó máa ka lẹ́tà yìí fún yín, mo kí gbogbo agboolé wa ní Bẹ́yẹrúnkà, àti àwọn tí ẹ jọ ń tajà ní Ọjà'ba. Ṣé orúnkún yín ti ń gbà yín láàyè láti gun òkè Màpó? Mo gbà kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí jáde nínú ìwé ìròyìn fún gbogbo èèyàn, torí ọmọ bíi tèmi pọ̀ tí wọ́n rò pé ilé ti gbàgbé wọn. Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ bi yín lórí bíbọ̀ mi wálé, mo fi í sí ìsàlẹ̀.

Ohun tí ẹ ṣe nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni, nínú ahéré tí a ń kó irinṣẹ́ sí.

Ẹ mọ igi tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ní erékùṣù Sísílì níbí: ó jọ oró tí wọ́n fi ń ṣọgbà nílé, kò léwé, ara rẹ̀ pẹlẹbẹ bí abẹ̀bẹ̀, ẹ̀gún sì bò ó. Etí abẹ̀bẹ̀ yẹn ni èso ti ń yọ, ó pọ́n bí osùn, inú rẹ̀ dùn, àfi kóró tó kún un. Ìdájí là ń ká a, nígbà tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀, torí irun wínníwínní kan wà lára èso náà tó burú ju wèrèpè lọ. Tí oòrùn bá mú, tí atẹ́gùn bá gbé e, ojú èèyàn ló ń lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo fi ìbọ̀wọ́ tó kún fún irun náà nu òógùn ojú. Ìyá olóko fi òróró pa á fún mi, wọ́n ní ṣebí wọ́n sọ fún àwọn pé mo lọ sílé ìwé.

Òtútù ti ń dé. Kì í ṣe bí ọyẹ́ tiwa tó ń ya ètè. Eléyìí ń wọ eegun. Owó iṣẹ́ ò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń bọ́ mi, ẹ má ṣàníyàn. Èmi nìkan ló gbọ́ Yorùbá nínú oko, mo wá ń kí àwọn igi kí ọ̀rọ̀ má bàa sá mọ́ mi lẹ́nu. Àwọn kan nínú wọn dàgbà jù mí lọ, ẹ káàárọ̀ ni mò ń kí wọn.

Ẹ rántí abẹ̀bẹ̀ mẹ́ta tí mo fi rán ẹni tó ń bọ̀ wálé lọ́dún tó kọjá. Ẹ gbìn ín sẹ́bàá kànga lójú ẹsẹ̀, ẹ ń bomi rin ín láàárọ̀, ẹ ń bomi rin ín lálẹ́. Gbogbo rẹ̀ jẹrà. Nígbà tí mo sọ lórí fóònù pé omi ló pa á, ẹ bínú. Ẹ ní báwo lèèyàn ṣe máa gba ohun tí ọmọ ẹni fi ránṣẹ́, kó wá fi òùngbẹ pa á. Ṣé ọmọ òrukàn ni? Mo wá sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ. Mo ní ṣebí ẹ̀yin náà ò pè mí fún odidi ọdún kan, nígbà tí Bàbá mi kú tí Àǹtí, àbúrò wọn, mú mi wá sókè òkun.

Ẹ wá sọ pé gbogbo ìgbà tí mo bá gbóhùn yín nígbà náà, mi ò ní jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta, Àǹtí ló ní kí ẹ jẹ́ kí ara mi kọ́kọ́ balẹ̀. Ẹ ní ẹ máa ń pè wọ́n ní ìkọ̀kọ̀, kí wọ́n gbé fóònù sí tòsí ibi tí mo ti ń ṣeré, ẹ ó máa gbọ́ mi, ẹ ò ní sọ̀rọ̀. Mi ò gbà yín gbọ́ lọ́jọ́ náà.

Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, Ìyá olóko gé abẹ̀bẹ̀ tuntun fún gbígbìn, wọ́n tò ó sábẹ́ òjìji nínú ahéré. Mo gbàgbé ohun tí èmi fúnra mi sọ fún yín lórí fóònù, mo sáré gbé omi. Wọ́n gbá mi lọ́wọ́. Wọ́n ní ojú egbò rẹ̀ ò tíì jiná, kí n fi í sílẹ̀ kó gbẹ, bó ti wù kí àánú rẹ̀ ṣe mí tó. Mo gbé korobá sílẹ̀, mo jókòó sórí rẹ̀, mo sunkún.

Màmá, mi ò ní ó dára. Ọmọ kì í ṣe ẹ̀ka igi. Ọdún yẹn ṣì ń dùn mí, èdè tí mo sọ nù nínú rẹ̀ ni mò ń wá kiri báyìí. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ pé ẹ ń gbọ́ mi.

Kí Ọlọ́hun dá yín sí fún mi, kó fún Bàbá Àgbà ní àlàáfíà, kó má jẹ̀ẹ́ kí ọjà kú mọ́ yín lórí. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà.

Ìbéèrè mi rèé. Abẹ̀bẹ̀ méjì wà lọ́wọ́ mi, ojú wọn ti gbẹ, ó le bí awọ. Mo lè gbé wọn bọ̀ lóṣù Kejìlá, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì péré ni iṣẹ́ gbà mí láàyè. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlá, ẹ̀rù ń bà mí pé kí n dé, kí n tún lọ, kí ojú egbò má lọ ṣí padà fún àwa méjèèjì. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, Màmá: ṣé kí n máa bọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì náà, àbí kí n ní sùúrù títí dìgbà tí mo lè jókòó tì yín pẹ́?

Ọmọ yín,
Ràfíátù Àṣàkẹ́